Pípa Ni À Ń Pa Àlọ́

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà ni n kò ṣe lè dákẹ́ bí mo ti ń gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́gboyè wa ń pe iṣẹ́ tuntun tí ó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ọmọdé fi ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, tí ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àlọ́, ní "ìsọtàn oní-dígítà".

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò ní wàhálà. Àwòrán ni àwòrán. Fọ́nrán tó fún fídíò. Ayélujára ti di ti gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀rọ" kò ní àbùkù, nítorí inú "rọ" ni ó ti jáde, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ọkọ́, tí ń rọ àdá. Ṣùgbọ́n "ayára-bí-àṣá" tí wọ́n so mọ́ ọn láti fi pe kọ̀ǹpútà, oríkì ni, kì í ṣe orúkọ: ẹni tí ó kí ọba ní aláṣẹ èkejì òrìṣà kò retí kí akọ̀wé máa tún un kọ ní gbogbo ìlà. Eré sísá tí oríkì náà sì ń yìn kò kan ọmọ ọdún méje tí ń fi sùúrù wá ohùn tí yóò yẹ Ìjàpá. Kọ̀ǹpútà tẹ́ mi lọ́rùn. Níhìn-ín ní Barkin Sale, ní Minna tí ojú irin Èkó ti pàdé ti Baro, tí Gbàgyí, Tápà, Haúsá àti àwa Yorùbá ti jọ ń gbé, ta ni yóò máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ àyálò? Orúkọ àdúgbò náà pàápàá jẹ́rìí, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, "barracks", ni Haúsá sọ di bariki tí àwa sọ di bárékè. Ọ̀nà Òkè Ọya kan náà sì ni àlùbọ́sà àti àdúrà gbà wọlé tọ̀ wá.

"Sọ" inú "ìsọtàn" ni n kò lè gbà. Ọ̀rọ̀ ni à ń sọ. Àlọ́, pípa ni. Òwe, pípa ni. Ìtàn pàápàá, bí ó bá ti dé ẹnu àgbà, pípa ni, òun ni òpìtàn fi ń jẹ́ òpìtàn, gẹ́gẹ́ bí apàlọ́ ti ń jẹ́ apàlọ́. A ń pa irọ́, a sì ń pa àṣẹ. Lójú tèmi, ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wá ẹni tí yóò gbà á: òwe ń wá ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n, irọ́ ń wá ẹni tí yóò gbà á gbọ́, àṣẹ ń wá ẹni tí yóò tẹ̀ lé e, àlọ́ àpagbè sì ń wá elégbè. "Ààlọ́ o!" kò tíì di nǹkan kan títí tí àwọn ọmọ yóò fi dáhùn pé "Ààlọ̀!" Àwọn ọmọ Haúsá tí wọ́n jọ ń ṣeré náà mọ èyí, nítorí bí apàlọ́ wọn bá wí pé "Ga ta nan, ga ta nan ku", wọn a ké pé "Ta zo mu ji ta".

Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn kì í ṣe ohun kékeré fún olùkọ́. Nígbà tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ nì, Fáfúnwá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ olùkọ́. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí onímọ̀ èdè nì, Bámgbóṣé, sì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ń gba ojú ọ̀nà kan náà lọ. Olùkọ́ tí a bá kọ́ ní "ìsọtàn" yóò fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀, kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán, ó parí. Ètò kọ̀ǹpútà bíi ScratchJr, tí wọ́n gbé jáde ní 2014 fún ọmọ ọdún márùn-ún sí méje, gba ohùn ọmọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yóò mú elégbè wá.

Nítorí náà, àlọ́ pípa lórí ẹ̀rọ ni mo pè é. "Lórí ẹ̀rọ" sì ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ "dígítà" sí. Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un, àyè ègbè: ìdákẹ́jẹ́ tí ọmọ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ nínú ohùn tí ó gbà sílẹ̀, lẹ́yìn ìlà orin kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo kíláàsì lè gbè é nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ.