Ìwé Àwìn Oníkẹ́míìsì: Ojú Ewé tó Sọnù nínú Ìtàn Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Bí a bá ń kọ ìtàn àwọn ìlú wa, ọba, ìjòyè àti alága káńsù ló máa ń gba gbogbo ojú ewé. Ẹni tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní aago méjì òru nígbà tí gìrì bá mú ọmọ kì í sí níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé oníkẹ́míìsì ní ìlú bí Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ti máa ń ṣe iṣẹ́ ìjọba kí ẹnikẹ́ni tó dìbò fún un. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá di kánsẹ́lọ̀, oyè lásán ló gbà lé iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ìlú méjèèjì wọnú ara wọn débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Síbẹ̀, Olóbùú ní ààfin tirẹ̀, Olúfọ́n ní tirẹ̀. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Orólú. Níbẹ̀, ìwòsàn àti àṣẹ ìlú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìn pọ̀. Ọdẹ àti oníṣègùn ni òrìṣà Ẹrinlẹ̀, tí odò rẹ̀ ń ṣàn lọ pàdé Ọ̀ṣun ní ìhà Ẹdẹ, òun náà ni Ìlobùú sì kà sí aláàbò ìlú. Omi odò àti òkúta inú awo rẹ̀ ni àwọn olùsìn rẹ̀ fi ń tọrọ ìlera àti ọmọ. Ní Ìfọ́n, Òrìṣà Olúfọ́n, tíí ṣe Ọbàtálá, ló ni ìlú. Àga oníwòsàn tó ní àṣẹ ìlú ti wà nílẹ̀ kí oníkẹ́míìsì tó dé.

Ìtàn àwọn apoògùn ńláńlá kò ṣòro láti rí. Ní 1887 ni Zaccheus Bailey ṣí ilé ìtajà oògùn sí Èkó. Apoògùn ni Ọba Adéyínká Oyèkàn Kejì kó tó gun orí ìtẹ́ Èkó ní 1965. Julius Adélùsì-Adélúyì láti Adó-Èkìtì, tó dá ilé iṣẹ́ Juli sílẹ̀, di alákòóso ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí ní 1993. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kọ́ ló dúró nídìí káńtà ní ìlú kékeré. Níbẹ̀, dìsípẹ́ńsà tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó sì gba ìwé àṣẹ láti ta oògùn alápò, ni gbogbo ìlú ń pè ní dókítà. Òfin ní kò gbọdọ̀ ta oògùn apakòkòrò, kò sì gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́. Òǹtajà lásán ni òfin kà á sí.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di ju òǹtajà lọ. Lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé bẹ̀rẹ̀ ní 1986, oògùn wọ́n ní ilé ìwòsàn ìjọba. Aláìsàn á gba káàdì, wọn á kọ orúkọ oògùn mẹ́ta sí i, wọn á sì kọ «O.S.» sí ẹ̀gbẹ́ méjì nínú wọn: kò sí nílẹ̀, ẹ lọ rà á níta. Níta ọ̀hún, oníkẹ́míìsì ni. Ní 1987, àwọn alákòóso ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Bàmákò pé kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn máa mójú tó owó oògùn tí ilé ìwòsàn wọn ń tà, kí wọ́n sì máa fi èrè rẹ̀ ra òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà náà, gbé ètò ìlera alábọ́ọ́dé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ètò ìṣèlú ṣe kedere lójú mi: ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn mú, ipò ìlú ló wà.

Ẹ wo ìwé àwìn oníkẹ́míìsì. Ìwé ọlọ́jú ewé gbọọrọ ni, ó ti gbó, òróró orí páálí oògùn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Lágbájá ní ilé báyìí, oògùn ibà, iye tó san, iye tó kù. Ẹni tí wọ́n fa ìlà pupa lé lórí ti san tán. Ẹni tí wọ́n fa ìlà lé láìsan ni wọ́n darí jì. Ìgbà tí ibà pọ̀, ìgbà tí owó oṣù tíṣà kò wọlé, àdúgbò tí ìgbẹ́ gbuuru ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Àkọsílẹ̀ ìpàdé káńsù kò lè sọ ìdajì rẹ̀.

Àwọn kan á ní mo ń gbé apààyàn gẹṣin. Ẹ̀sùn wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní 1990, omi oògùn parasitamọ́ọ̀lù tí wọ́n fi kẹ́míkà olóró pò pa ọmọ tó lé ní 100 ní Ìbàdàn àti Jọs. Kò sí ẹni tí kò mọ oníkẹ́míìsì tó ń bu hóró oògùn láti inú ike mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ọ̀rá kékeré kan fún ara ríro. Dora Akunyili, apoògùn tó darí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, láti 2001 sí 2008, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Èyí tó tún burú jù ni pé oníkẹ́míìsì tó di kánsẹ́lọ̀ alábòójútó ìlera ń ṣọ́ ẹgbẹ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu yìí gan-an ló fi hàn pé agbára ni a ń sọ. Ẹni tí kò ní agbára kò lè ṣi agbára lò, agbára tí a kò sì kọ sílẹ̀ kò ṣeé bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti mú kí ìlú méjèèjì ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde ìṣéde níbẹ̀ ní 2025. Ọmọ tí ibà ń gbóná lára rẹ̀ kò mọ ààlà Irẹ́pọ̀dùn àti Orólú. Ìwé àwìn tí orúkọ ará Ìlobùú àti ará Ìfọ́n bá jọ wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ti fọkàn tán ara wọn rí, irú ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ ìpẹ̀tùsíááwọ̀ kì í béèrè.

Ẹ̀yin ọmọ àwọn oníkẹ́míìsì tó ti dolóògbé ní ìlú méjèèjì, ẹ má fi ìwé bàbá yín di ẹ̀pà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó fi kọ́ sára ògiri, kí ẹ sì kó wọn lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kí àwọn onímọ̀ ìtàn lè rí wọn kà, kí wọ́n sì bo orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè láṣìírí.