Campaneris, Ọmọ Matanzas

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ Bert Campaneris, agbá-béésìbọ́ọ̀lù, ìlú Matanzas ní erékùṣù Cuba ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1942, ìlú tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lọ lẹ́rú sí oko ìrèké, tí bàtá ṣì ń dún fún Ṣàngó níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ìlú yìí kan náà ni pápá Palmar de Junco wà, níbi tí àwọn ará Havana ti fi 51 sí 9 ṣẹ́gun àwọn onílé nínú béésìbọ́ọ̀lù ní oṣù Kejìlá ọdún 1874.

Nínú eré yìí, ẹnìkan a ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn a fi kóńdó gbá a, a sì sáré kan béèsì mẹ́ta kí ó tó padà délé. Àárín béèsì kejì àti ìkẹta ni Campaneris ń ṣọ́, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń sáré bọ̀ nílẹ̀ bí òkúta tí a fi kànnàkànnà ta, tí olùṣọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, yóò hán an, yóò sì sọ ọ́ sí béèsì kìn-ín-ní kí ẹni tí ń sáré tó fẹsẹ̀ kàn án. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ orúnkún ni, nítorí náà kì í bá ènìyàn dàgbà.

Nínú oṣù Keje ọdún 1964 ni ó kọ́kọ́ wọ líìgì àgbà ní Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ pàá tí Jim Kaat jù sí i, ó gbá a kọjá ògiri, ó sì tún gbá òmíràn kọjá kí eré ọjọ́ náà tó parí. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965, Charlie Finley, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ Athletics, tí ó ń wá ohun tí yóò fa èrò wá sí pápá ní Kansas City, mú kí ó ṣọ́ gbogbo ipò mẹ́sàn-án nínú eré kan ṣoṣo, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní líìgì náà. Wọ́n pè é ní àṣehàn. Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ní ipò ìkẹyìn, Ed Kirkpatrick ti ẹgbẹ́ alátakò sáré kọlù ú níwájú ilé, ó sì ṣèṣe débi pé kò lè bá eré náà lọ mọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ ehoro, a-sáré-kí-eruku-tó-dìde! Ọdún mẹ́fà ni ó jí béèsì, ìyẹn ni pé ó sáré dé béèsì tó kàn láìdúró de ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, ju gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú American League, ọ̀kan nínú ìpín méjì líìgì àgbà, 649 sì ni gbogbo èyí tí ó jí. Ẹsẹ̀ wọ̀nyí ni ó jọ pé wọ́n fojú sùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1972, nígbà tí Lerrin LaGrow ti Detroit ju bọ́ọ̀lù lù ú ní ọrùn ẹsẹ̀. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: Campaneris ju kóńdó sí i, LaGrow tẹrí ba, kóńdó sì fò kọjá. Billy Martin, tí ó ń darí Detroit, gbéra láti bá a jà, àwọn adájọ́ ni wọ́n dì í mú. Wọ́n lé Campaneris kúrò nínú ìyókù ìdíje pẹ̀lú Detroit. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ Athletics, tí wọ́n ti kó lọ sí Oakland, gba ife ẹ̀yẹ líìgì àgbà lọ́dún náà, wọ́n sì tún gbà á ní 1973 àti 1974. Orúkọ Reggie Jackson, akẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ni ayé ń ké, ṣùgbọ́n nínú eré àṣekágbá ọdún 1973, Campaneris ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Mets kọjá ògiri.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí ó kúrò ní Oakland, tí ó dé Texas, tí ó dé California, tí ó sì lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Mexico ní 1982, ó jọ pé iṣẹ́ ti tán. Ṣùgbọ́n ní 1983, ní ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ó padà sí líìgì àgbà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Yankees ní New York, ó ṣọ́ béèsì kejì àti ìkẹta, ìwọ̀n gbígbá rẹ̀ sì jẹ́ .322, iye tí kò dé rí ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tí ó ń darí ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn ni Billy Martin.