Ìbọn Abẹ́ Aṣọ àti Ìbọn Ojútáyé

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, mọ àkọlé kan tí a kì í rí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìtajà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwòsàn ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, òfin sì là á sílẹ̀ pé lẹ́tà ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ínǹṣì kan ní gíga. Oríṣi méjì ni àkọlé yìí. Èyí tí nọ́ńbà òfin rẹ̀ jẹ́ 30.06 ń sọ fún ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ, tí ó fi ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, pé kò gbọdọ̀ gbé e wọlé. Èyí tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 30.07 ń sọ fún ẹni tí ó so ìbọn mọ́ ìgbànú ní gbangba pé kí òun náà dúró síta. Ìbọn kan náà ni, ọta kan náà ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin sọ ọ́ di ohun méjì nítorí aṣọ tí ó bò ó tàbí tí kò bò ó.

Láti inú ìpínyà yìí ni àríyànjiyàn kan ti dìde láàrin àwọn tí wọ́n ń gbé ìbọn ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ìbọn wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó jẹ́ kí ayé mọ̀? Àwọn kan ń lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, wọ́n ń wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ sí láyà, wọ́n ní bí olè bá ti kà á, yóò gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Àwọn mìíràn ní ìwà òmùgọ̀ gbáà ni èyí, nítorí pé ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ń júwe ibi tí ìbọn wà fún ẹni tí ó ń wá ìbọn í jí, olówó ọkọ̀ kò sì ní máa jókòó sínú ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ìkejì yìí mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ìjà náà ti wà kí ọkọ̀ tó dé ayé, bí ó sì ṣe bẹ̀rẹ̀ yóò ya ẹni tí ó mọ tòde òní nìkan lẹ́nu, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà ọmọlúàbí nísinsìnyí ni ìjọba kọ́kọ́ sọ di ẹ̀ṣẹ̀.

Ní ọdún 1813, ìpínlẹ̀ Kentucky àti Louisiana ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun ìjà pamọ́ sára. Nínú ohun tí òfin Kentucky dárúkọ ni ìbọn ìléwọ́ kékeré tí ń wọ àpò, ọ̀bẹ aṣóró, àti idà tí a fi pamọ́ sínú ọ̀pá ìtilẹ̀. Idà inú ọ̀pá yìí ni ó gbé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bliss dé ilé-ẹjọ́, tí àwọn adájọ́ Kentucky sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 1822, wọ́n ní òfin náà tako ìwé-òfin ìpínlẹ̀ wọn. Àwọn ará Kentucky kò fi bẹ́ẹ̀ sinmi: nígbà tí wọ́n tún ìwé-òfin náà kọ ní ọdún 1850, wọ́n fi gbólóhùn kan sí i tí ó fún àwọn aṣòfin lágbára láti ka gbígbé ohun ìjà pamọ́ léèwọ̀.

Ní Georgia, ní ọdún 1846, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìbọn abẹ́ aṣọ léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó fagi lé apá tí ó fẹ́ ka ìbọn ojútáyé léèwọ̀. Ní Louisiana, ní ọdún 1850, ilé-ẹjọ́ sọ ìdí rẹ̀ gan-an nínú ẹjọ́ Chandler. Lójú àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn, ẹni tí ó gbé ìbọn síta ń jà bí ọkùnrin, ọ̀tá rẹ̀ ríran rí i. Ẹni tí ó gbé e pamọ́ ń wá àǹfààní ìkọ̀kọ̀, iṣẹ́ apànìyàn ni ó fẹ́ ṣe. Ọmọ Yorùbá kò ní ṣaláì lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ọdẹ a máa gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká kọjá láàrin ọjà, a máa kí ènìyàn, wọn a sì máa dá a lóhùn. Kò sí ẹni tí yóò sá fún un. Ohun tí ó wà nínú agbádá ẹni tí a kò mọ̀ ni ó ń bani lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: ta ni ọkùnrin tí adájọ́ Louisiana ń rí lọ́kàn nígbà tí ó ń yin ẹni tí ń gbé ìbọn síta? Kì í ṣe ẹrú, kì í sì í ṣe aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira. Nínú ẹjọ́ Dred Scott ní ọdún 1857, Roger Taney, olórí àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ, ka àwọn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá pe aláwọ̀ dúdú ní ọmọ ìlú. Ọ̀kan nínú ohun tí ó kà bí ẹni tí ń ka àjálù ni pé wọn yóò lè gbé ohun ìjà lọ sí ibikíbi tí ó bá wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀ tán, òfin tí Mississippi ṣe ní ọdún 1865 sọ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé-àṣẹ.

Ti Florida ni ó hàn gbangba jùlọ. Ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin ìwé-àṣẹ ìbọn ní ọdún 1893. Ní ọdún 1941, nínú ẹjọ́ Watson, Adájọ́ Buford kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi bò pé tìtorí àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìlagi àti ti oje igi ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà, kí a lè gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, pé kò sí ẹni tí ó ní in lọ́kàn pé kí ó mú aláwọ̀ funfun. Adájọ́ kì í sábàá tú àṣírí òfin báyìí. Ó kọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ ohun tí gbogbo ará ilé ti mọ̀.

Mo fẹ́ fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ àwọn ìlú darandaran ti ìwọ̀-oòrùn níhìn-ín, nítorí sinimá ti tan púpọ̀ nínú wa jẹ. A rò pé gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ni ó ń gbé ìbọn méjì ní ìdí kiri. Ní ìlú Tombstone, ní Arizona, ìjọba ìlú ṣe òfin ní oṣù kẹrin ọdún 1881 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà láàrin ìlú, ìbáà ṣe ní ìkọ̀kọ̀, ìbáà ṣe ní gbangba. Ẹni tí ó bá wọ̀lú ní láti fi tirẹ̀ pamọ́ sí ibi tí a yàn. Ìjà olókìkí tí wọ́n jà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà, tí wọ́n ti fi ṣe sinimá láìmọye, lára ohun tí ó dá a sílẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́pàá lọ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n rú òfin yìí.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé Martin Luther King ní Montgomery, ní Alabama, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn wà nínú ilé. King lọ tọrọ ìwé-àṣẹ láti máa gbé ìbọn pamọ́ sára. Wọn kò fún un. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ kọ ìbọn sílẹ̀ pátápátá. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1966, Huey Newton àti Bobby Seale dá ẹgbẹ́ Black Panther sílẹ̀ ní Oakland, ní California. Newton ti ka ìwé òfin, ó sì rí i pé ìbọn abẹ́ aṣọ nìkan ni ó ń béèrè ìwé-àṣẹ. Ẹni tí ó bá gbé tirẹ̀ síta kò ṣẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọkọ̀ ọlọ́pàá kiri àdúgbò, ìbọn lọ́wọ́, ìwé òfin lọ́wọ́ kejì. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń bèèrè.

Èsì tí wọ́n rí gbà kò pẹ́. Don Mulford, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, gbé àbá wá pé kí a ka gbígbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ní ìgboro léèwọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1967, nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn láti inú ẹgbẹ́ náà gbé ìbọn wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Sacramento láti fi ẹ̀hónú hàn. Ronald Reagan, tí ó jẹ́ gómìnà, fọwọ́ sí òfin náà ní oṣù keje ọdún kan náà. Ìbọn ojútáyé tí àwọn adájọ́ ìṣáájú ń yìn di ẹ̀rù ìlú ní ọjọ́ tí ọwọ́ tí ó mú un yí padà. Mo mọ̀ pé àwọn òpìtàn kan yóò ní kì í ṣe ìdí kan ṣoṣo nìyẹn. Kò burú, ṣùgbọ́n California kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé ọdẹ funfun ni ó ń gbé tirẹ̀ kọjá.

Láti ọdún 1987, nígbà tí Florida sọ ọ́ di dandan pé kí a fún ẹni tí ó bá pé ojú òṣùwọ̀n ní ìwé-àṣẹ ìbọn abẹ́ aṣọ, ayé yí padà. Texas, tí ó ti ka gbígbé ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ láti ọdún 1871, tẹ̀ lé e ní ọdún 1995. Ohun tí ó sún Texas débẹ̀ ni ọ̀ràn ìlú Killeen. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1991, ọkùnrin kan pa ènìyàn 23 ní ilé-oúnjẹ kan níbẹ̀. Suzanna Hupp wà láàrin àwọn tí ń jẹun; ó ti fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ nítorí òfin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pa bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó di aṣòfin lẹ́yìn náà. Òfin ọdún 1995 yìí fún ènìyàn láyè láti gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí ó bò ó. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí a rí i ti jẹ̀bi. Ẹ wo bí ó ṣe dorí kodò sí òfin Kentucky! Ní 1813, ẹni tí ó bò ó ni wọ́n ń mú. Ní 1995, ẹni tí kò bò ó.

Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan, John Lott, gbé ìwé jáde ní ọdún 1998 láti ti irú òfin yìí lẹ́yìn. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí ọ̀daràn kò bá mọ ẹni tí ó ní ìbọn, gbogbo ènìyàn ni yóò máa bẹ̀rù, tí ẹni tí kò ní rárá yóò sì jàǹfààní lára ẹni tí ó ní. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọdún 2004 sọ pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tó láti pinnu bóyá irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dín ìwà ọ̀daràn kù tàbí ó ń fi kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ Lott gbọ́, ó dá àríyànjiyàn wa lẹ́jọ́: ẹni tí ó kéde ìbọn rẹ̀ ti tú aládùúgbò rẹ̀ sí ìhòhò, nítorí ó ti fi ilé tí kò ní ìwé lẹ́nu ọ̀nà han olè.

A rí èyí kedere ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọdé 20 àti àgbà mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ Sandy Hook, ìwé ìròyìn The Journal News ní ìpínlẹ̀ New York tẹ àwòrán ilẹ̀ jáde, ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tí wọ́n ní ìwé-àṣẹ ìbọn ìléwọ́ ní ẹkùn Westchester àti Rockland sí i. Ariwo ta. Àwọn tí orúkọ wọn jáde ní olè ti mọ ibi tí yóò ti jí ìbọn. Àwọn tí orúkọ wọn kò jáde ní olè ti mọ̀ pé àwọn kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ìhàlẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà fi gba ẹ̀ṣọ́ tí ń gbé ìbọn. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi yọ orúkọ àti àdírẹ́sì náà kúrò, òfin tuntun ní New York sì fún onílé-ìbọn láyè láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi orúkọ òun pamọ́.

Texas gba ìbọn ojútáyé padà ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2016. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, kò tilẹ̀ pọn dandan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ láti gba ìwé-àṣẹ mọ́. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ìpínlẹ̀ 29 ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2016 kan náà ni ti Philando Castile. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé ni ó ti ń ṣe alábòójútó ilé-ìjẹun ní ìlú St. Paul, ní Minnesota. Ó ní ìwé-àṣẹ ìbọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù keje, ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró; obìnrin tí ó ń fẹ́ àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin wà nínú ọkọ̀ náà. Òfin Minnesota kò ní kí ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ sọ ọ́ àyàfi bí ọlọ́pàá bá bèèrè. Castile sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ pe ọlọ́pàá náà ní ọ̀gá, ó ní ìbọn kan wà lára òun. Kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé, ọlọ́pàá ti yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀méje. Ọmọ ọdún 32 ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà sọ pé ọlọ́pàá kò jẹ̀bi.

Ní Michigan àti North Carolina, òfin pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ kéde ìbọn rẹ̀ fún ọlọ́pàá tí ó bá dá a dúró, kí a tó bi í. Ní Texas, ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ tí ó sì gbé ìbọn dání ní láti mú ìwé náà jáde pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ bí ọlọ́pàá bá bèèrè fún un. Ọmọ Yorùbá tí ó ra ìbọn ní Houston nítorí adigunjalè, tí ohùn rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì bí ó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wà lábẹ́ òfin kan náà. Ìwé náà wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìbọn wà.