Òòfà

Ohun tó ń fa irin mọ́ra ni òòfà. Láti ara *fà* la ti mú un. A máa ń yá a lò fún ẹni tí ẹwà rẹ̀ ń fani mọ́ra, àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣa irin ní bọ́ọ̀lá Solous, ní Igando, irinṣẹ́ ni. Mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ tó wọn. Wọ́n á fi kan páìpù: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, bí kò bá lẹ̀, ó lè jẹ́ idẹ, alumíníọ́mù tàbí bàbà, owó bàbà sì ju ti irin lọ fíìfíì.

Ẹ má wá pe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá wúrà létí òkun ní òòfà o. Kì í fa nǹkan kan. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní *pulse induction* máa ń rán iná sínú wáyà tí wọ́n ká róbótó, á sì gé e lójijì, lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígé yẹn á ta iná díẹ̀ sára wúrà tàbí irin tó wà nínú iyanrìn, ẹ̀rọ á sì máa ṣọ́ bó ṣe ń kú lọ. Iná inú omi iyọ̀ tètè ń kú ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ á kàn sinmi díẹ̀ kó tó tẹ́tí, iyọ̀ kò sì ní dà á láàmú. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ òrùka wúrà yàtọ̀ sí ìdérí ìgò. Ẹni tó bá gbé e lọ sí etíkun Badagry á hú ìdérí ọtí títí. Ní ti ká mọ irin yàtọ̀ sí wúrà, mágínẹ́ẹ̀tì Igando gbọ́n jù ú lọ.