MRI nínú àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọyàn

Òòfà alágbára àti ìgbì rédíò ni ẹ̀rọ MRI fi ń ya àwòrán inú ara. Kò lo ìtànṣán ẹ́síréè bíi mamógíráàmù. Bí ó bá jẹ́ ti ọyàn, obìnrin á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọyàn rẹ̀ méjèèjì á sì wọ inú ihò tí wọ́n ṣe fún un. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, síbẹ̀ obìnrin náà kò gbọdọ̀ mira.

Wọ́n á fa oògùn gadolinium sí i nínú iṣan. Kókó jẹjẹrẹ a máa hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí ń jò, nítorí náà oògùn yìí sábà máa ń tètè ya wọ inú rẹ̀, a sì tún tètè jáde. Ibẹ̀ ni dókítà ti ń fura. Àárín àwọn ọdún 1980 ni Sylvia Heywang àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé ọ̀nà yìí jáde. Ọ̀nà tuntun kan, diffusion, ń wo bí omi ṣe ń rìn láàárín sẹ́ẹ̀lì, láìlo oògùn rárá. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti há mọ́ra, omi kì í rí àyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé ti Yunifásítì Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn fi hàn pé nínú àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ọyàn tó lé ní 1,100 tí wọ́n yẹ̀ wò, bíi 7 nínú 100 ló jogún àbùkù nínú jíìnì BRCA1. Irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ ń mú ọ̀dọ́, ọyàn ọ̀dọ́ sì ki débi pé mamógíráàmù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí inú rẹ̀. Nínú ìwádìí kan ní Chicago, wọ́n ya MRI fún obìnrin 295 tí ewu wọn ga ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n rí jẹjẹrẹ lára 17, kò sì sí èyí tó ti ràn dé kókó abíyá.

Ní Nàìjíríà, wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní 2019 ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Ṣùgbọ́n òòfà ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ MRI Nàìjíríà kò lágbára tó fún iṣẹ́ ọyàn, àpò aláìsàn ni owó rẹ̀ sì sábà ń ti jáde. Lójú tèmi, obìnrin tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní àrùn yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà rẹ̀ fún.

MRI a máa fura sí ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ nígbà mìíràn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹran díẹ̀ nínú kókó lọ sí yàrá àyẹ̀wò ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.