Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá pa òwe yìí lórí owó tó ń ti òkèèrè wọlé, ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí a má gbójú lé epo rọ̀bì nìkan, kí a fi kòkó àti kaṣú kún un. Ìtumọ̀ yẹn kò jinlẹ̀ tó. Òwe náà kò sọ pé ẹrù kan kò wọ ọjà; ọ̀nà ló dárúkọ. Lẹ́yìn tí rélùwéè wọ Òṣogbo ní 1907, ekùrọ́ àti kòkó jọ ń gùn ún lọ sí Èkó nígbà náà. Ẹrù méjì ni, ọ̀nà kan náà ni: bí wọ́n ṣe ti oko dé la ṣe kó wọn lọ, ará òkèèrè ló sì ń dá iye lé wọn.

Ẹ wo kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àgbẹ̀ á fọ́ ọ, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, á sá a, á máa yí i padà lóòrùn títí yóò fi máa dún ṣaworo lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa parí sí. Yíyan án, lílọ̀ ọ́, fífún bọ́tà inú rẹ̀ jáde, sísọ ìyókù di ìyẹ̀fun, gbogbo rẹ̀ di ti àwọn bíi Netherlands, tí kò gbin igi kòkó kan, tó sì wà lára àwọn tó ń lọ kòkó jù láyé. Ibodè Yúróòpù pàápàá kì í gba kọ́bọ̀ lórí kóró kòkó wa, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di bọ́tà ká tó gbé e dé, a ó san owó ibodè. Gánà àti Côte d'Ivoire ti bá wọn ṣe àdéhùn tó mú ẹrù yẹn kúrò lórí tiwọn. Ẹlòmíì lè ní kóró nìkan náà ti tó, ṣebí tọ́ọ̀nù kan ju ẹgbàárùn-ún dọ́là lọ ní 2024? Òótọ́ ni, àmọ́ àìsàn àti ojú ọjọ́ tó ba oko Gánà àti Côte d'Ivoire jẹ́ ló gbé e sókè, ó sì já wálẹ̀ ní 2025.

Àtakò tó lágbára jù sí pé kí a máa ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra wa wà ní Òṣogbo àti Ẹdẹ. Ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo àti ilé iṣẹ́ kòkó Ẹdẹ, owó ìjọba la fi kọ́ méjèèjì, méjèèjì ló sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ kó wọn pọ̀. Irin tí Òṣogbo fẹ́ máa tẹ̀, ilé iṣẹ́ irin Aládjà ní ilẹ̀ Delta ló yẹ kó ti máa wá. Nígbà tí Aládjà dáwọ́ dúró, kí ni wọn ó tẹ̀? Kòkó ò ní àwáwí yẹn, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Nítorí náà, bí kóró ti wà nílẹ̀, tí ẹ̀rọ tí owó ìjọba rà sì dákẹ́, kí ìjọba má ra ẹ̀rọ mọ́. Kí ó fa iná tí kì í ṣẹ́jú dé Ẹdẹ, kí ó jókòó bá Yúróòpù sọ̀rọ̀ lórí owó ibodè, kí ó sì so ìrànwọ́ mọ́ iye bọ́tà kòkó tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́dún. Ọdún tí nǹkan kan kò bá wọ̀ ọ́, kí ìrànwọ́ náà dúró.