Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ipò Owó Onírin Àtijọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ yìí bá owó onírin àtijọ́ mu púpọ̀. Nígbà tí àwọn Yorùbá ń ná owó ẹyọ, iye ni wọ́n ń kà: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn fún orí owó kan (2,000), orí owó mẹ́wàá fún ọ̀kẹ́ kan (20,000). Bákan náà ni ọ̀ràn rí nígbà tí ṣílè dé. Ṣílè tí ojú rẹ̀ ti parẹ́ àti èyí tí ó ń dán yinrin, iye ọjà kan náà ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá kúrò lọ́jà, tí ó di ohun tí ènìyàn ń kó jọ nítorí ìtàn rẹ̀, ojú rẹ̀ ni ó kù tí ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo owó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1912 ni a dá West African Currency Board sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1913, tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì jáde, fàdákà ni gbogbo wọn, orí Ọba George Karùn-ún sì wà lára wọn. Nígbà tí fàdákà wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe wọ́n ní 1920. Lẹ́tà kékeré H fi hàn pé ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ni ó tẹ owó kan. KN sì jẹ́ ti King's Norton. Kọ́bọ̀, eépìnnì àti ọ̀nínì ní ihò láàárín, kò sì sí àyè fún orí ọba. Nítorí náà ni ó ṣe ṣeé ṣe ní 1936 láti tẹ orúkọ Edward Kẹjọ sára wọn, ọba tí kò pé ọdún kan lórí oyè. Bí ọdún, orúkọ àti lẹ́tà wọ̀nyí bá parẹ́, ìtàn owó náà ti bá wọn lọ.

Ìdí rèé tí àwọn tí ń kó owó jọ fi kọ́kọ́ ń wo ibi tí ó ga jù lọ lójú owó, bí adé àti irùngbọ̀n ọba, tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́yìn ṣílè. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àti àpò ti ń kọ́kọ́ fá owó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yóò gbé e sábẹ́ iná, tí wọn yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí ojú ọgbẹ́, ìhọra àti ìpẹtà.

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ipò owó: ó dára, ó dára gan-an, a kò tí ì ná an rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ta oyin tí yóò sọ pé oyin òun korò. Ohun tí olùtà pè ní dáradára, olùrà lè pè é ní àlòkù. Ní 1949, William Sheldon, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwọ̀n oní-nọ́ńbà jáde fún owó bàbà Amẹ́ríkà tí a tẹ̀ láàárín 1793 àti 1814. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, èyí tí agbára káká ni a fi lè dá a mọ̀, títí dé 70, èyí tí kò lábàwọ́n rárá. Owó tí a kò ná rí bẹ̀rẹ̀ láti 60. Èrò rẹ̀ ni pé bí èyí tí ó burú jù lọ bá tó dọ́là kan, èyí tí ó dára jù lọ yóò tó àádọ́rin. Iye owó ọjà kò pẹ́ tí ó fi já ìṣirò náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà dúró. Ní 1977, ẹgbẹ́ American Numismatic Association gbé ìwé ìlànà jáde fún gbogbo owó Amẹ́ríkà. Ní 1986 àti 1987, ilé-iṣẹ́ PCGS àti NGC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: wọn kì í ṣe olùtà, wọn kì í ṣe olùrà, wọ́n ń díwọ̀n owó, wọ́n sì ń dè é mọ́ inú ike.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí nọ́ńbà kò lè tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá ṣílè bàbá-ńlá wọn nísàlẹ̀ àpótí ni ó ń fi eérú, iyanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídán ti ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́ kọ́ nìyẹn. Àwọ̀ tí ọdún pípẹ́ fi bò ó ti lọ, ìlà tín-ín-rín tí iyanrìn fà sì kún ojú rẹ̀. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn adíwọ̀n, wọn yóò kọ ọ́ sára ike pé a ti fọ̀ ọ́, wọn kò sì ní fún un ní nọ́ńbà.

Kíkúná owó kì í ṣe àbùkù. Ẹ̀rí ni pé a ná an, pé ó rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Fífọ̀ ni ó ń pa ẹ̀rí run. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ojú rí ìtàn yóò ṣe dáadáa bí ó bá gbé kọ́bọ̀ oníhò kan síwájú wọn bí ó ti wà gan-an, kí wọ́n di etí rẹ̀ mú, kí wọ́n sì ka ohun tí ó kù lójú rẹ̀.